Ọjọ́ tí páásíwọ́ọ̀dù mi yọ lójú oníbàárà

Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ni mo ní ní Àgbowó, n'Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà méjì péré ló wà níbẹ̀. Èmi ń lò ó, ọmọ iṣẹ́ mi ń lò ó, oníbàárà tó bá sì fẹ́ tẹ ohun tó wà nínú ímeèlì rẹ̀, àga la máa fà fún un kó ṣí i fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá kan fẹ́ mú fọ́tò jáde láti orí Facebook wọn. Bí wọ́n ṣe tẹ ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, ímeèlì tèmi ló yọ, àwọn àmì dúdú róbótó sì ti tò sísàlẹ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀kẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù mi nìyẹn.

“Ọmọ mi, ta nìyí? Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?”

Díẹ̀ ló kù kí n já máòsì gbà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ṣí ibi tí Chrome, ohun tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ń kó páásíwọ́ọ̀dù sí. Mo kà á: 63. Gbogbo ohun tó wà lórí fóònù mi ti kó ara wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé mo ti fìgbà kan wọ Google mi níbẹ̀ láti gbé fáìlì kan, Chrome bi mí léèrè nǹkan kan, mo sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. N ò ka ohun tó bèèrè. Mo tẹ àwòrán ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, ó sì là gbalaja. Ó yẹ kí Windows kọ́kọ́ bèèrè páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ná, àmọ́ a ò fi ọ̀kankan sí i, kí ọmọ iṣẹ́ mi lè rí i ṣí láàárọ̀ kí n tó dé.

Ni mo bá fìbínú pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé! Nígbà tó dalẹ́, mo fẹ́ ra iná lórí fóònù, fóònù ò mọ nǹkan kan mọ́. Okùn tó so fóònù pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn àkáǹtì Google mi tó wà lórí méjèèjì, kò tíì já, nítorí náà ohun tí mo pa rẹ́ ní Àgbowó ti pa rẹ́ nínú yàrá mi. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń tẹ “mo ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù mi” kiri.

Okùn yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ gé. Ẹ yọ profile yín, ìyẹn ààyè tí Chrome ń kó nǹkan ẹnì kọ̀ọ̀kan sí, kúrò nínú Chrome tó wà lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ nìkan ni yóò lọ, èyí tó wà lọ́dọ̀ Google yóò kù. Tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ojú ewé ààbò àkáǹtì Google ń to àwọn ẹ̀rọ tí ẹ ti wọlé sí, ẹ lè ti ibẹ̀ jáde.

Mo kọ́kọ́ ṣe profile Chrome ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún kálukú. Ìlẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ni: ẹni tó bá tẹ àwòrán mi ti wọlé tọ̀ mí wá. Windows ló ní ògiri. Ní báyìí, mo ní àkáǹtì Windows tèmi tó ní páásíwọ́ọ̀dù, àwọn oníbàárà ní tiwọn. Tí mo bá dìde, kódà kó jẹ́ pé àkàrà ni mo fẹ́ lọ rà, màá tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ L. Ní ti oníbàárà, mo ti pa ìbéèrè “ṣé ká tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù?”, Guest, ìyẹn ààyè àlejò inú Chrome, ni wọ́n sì ń lò, tí wọ́n bá ti pa á dé, kò sí ohun tó kù. Incognito, ààyè ìkọ̀kọ̀ inú Chrome, ò rí bẹ́ẹ̀ o. Kò ní tọ́jú tuntun, àmọ́ èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè gbé e jáde.

Àwọn kan á ní ká má tọ́jú ohunkóhun rárá. N ò gbà. Ta ló lè há 63 sórí? Ọ̀kan ṣoṣo ni onítọ̀hún máa lò níbi gbogbo.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo bi ọmọ iṣẹ́ mi bóyá ó ti rí wọn rí.

“Ọ̀gá, ó ti pẹ́ o. Mo rò pé ẹ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ ni.”

Ojú ẹsẹ̀ ni mo pààrọ̀ ti báǹkì.