Tíṣà Bengal tó gba àwáwí lẹ́nu mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ jẹ́ tíṣà, tí ẹ sì fẹ́ di òǹkọ̀wé, àròyé kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu yín: lẹ́sìn-nóòtù ò jẹ́ kí ẹ ráyè, ìwé tí ẹ máa máàkì ga dé àjà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ìtàn tí mo kọ fi wà nísàlẹ̀ àpótí.

Bibhutibhushan Bandyopadhyay ló gba àwáwí yẹn lẹ́nu mi. Abúlé kan ní Bengal, ní Íńdíà, ni wọ́n ti bí i ní 1894. Ó gboyè B.A. ní Calcutta ní 1918, ó sì di tíṣà. Ẹnu iṣẹ́ tíṣà yìí náà ló wà, ní Harinavi, tí ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ fi jáde ní 1922.

Nígbà tó yá, ìdílé onílẹ̀ kan rán an lọ sí Bhagalpur ní Bihar, kó lọ máa bójú tó ilẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ló ti kọ Pather Panchali, ìtàn Apu, ọmọ tálákà, àti Durga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kọ ọ́ tán láìsí Durga níbẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kan ló rí ọmọbìnrin kan tí irun rẹ̀ rí wúruwùru. Bó ṣe délé, ó tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń kọ ọ́ o! Ìwé jáde ní 1929, ikú Durga tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yìí gan-an ló sì ń mú omi bọ́ lójú òǹkàwé jù. Èmi tí ẹnì kan sọ fún pé ìyá inú ìtàn mi kò lóhùn, ìbínú ni mo fi gbé ìwé sápòótí.

Ó tún kọ Chander Pahar, ìrìn àjò ọmọ Bengal kan ní Áfíríkà, ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí. Ó dùn, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín nígbà tí bunyip yọ níbẹ̀: iwin àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà nìyẹn, kì í ṣe tiwa! Aranyak ti 1939, tó kọ látinú igbó Bihar tó fojú rí, lèmi yàn láàyò.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ní Gopalnagar nítòsí ilé bàbá rẹ̀, kó tó kú ní 1950.

Ìtàn tèmi ti kúrò nínú àpótí. Ìyá yẹn ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Orí kẹta ni mo wà, bí mo bá ti máàkì ìwé JSS 2 tán lálẹ́.