Kí ọ̀gá tó buwọ́ lùwé, ọ̀rọ̀ ti dé Bódìjà

Iṣẹ́ alukoro ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan mímu inú ike. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àtẹ̀jáde la máa ń kọ. Ọ̀gá á kà á, lọ́yà á kà á, ọ̀gá á tún un kà, kí n tó gbé e lọ sí ilé ìwé ìròyìn Tribune ní Ìmàlefàlàáfíà, kí n sì yà sí Ilé Akéde, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Òrìta Baṣọ̀run. Bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú kí n tó fún wọn, iṣẹ́ ti parí. Ó di àárọ̀ ọ̀la kí ará ìlú tó gbọ́.

Fóònù ti gba àárọ̀ ọ̀la yẹn lọ́wọ́ wa.

Ẹnìkan ká ohùn sílẹ̀ sórí WhatsApp pé ọmọ méjì mu ọjà wa, wọ́n sì dákú. Kò dárúkọ àdúgbò, kò sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ń sunkún, ẹkún yẹn ló sì mú káwọn èèyàn gbà á gbọ́. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ìyá tó ń tajà wa ní Bódìjà ti ń kó o kúrò lórí àtẹ. Lọ́yà ṣì ń tún àtẹ̀jáde olójú ewé méjì ṣe lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ta ló fẹ́ ra nǹkan mímu tó ti pé ogún ọdún?

Ìyá tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń rọ ọjà sínú ike ló yọ wá. Ó ká ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan: “Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà o. A ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbé kiri. A ò tíì rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, a ṣì ń wá a. Ẹ ya nọ́ńbà tó wà lára ike ọwọ́ yín ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá di aago mẹ́rin, mo máa padà bá yín sọ̀rọ̀.” Ní aago mẹ́rin, ó padà wá lóòótọ́. Gúrúùpù àwọn alágbàtà la kọ́kọ́ fi sí, kó tó dé Facebook, torí àwọn ni oníbàárà ń dojú ìbéèrè kọ.

Láti 2019 ni WhatsApp ti fi òdiwọ̀n sí i pé ibi márùn-ún péré lẹ lè taari ọ̀rọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Ní 2020, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti taari kiri nígbà púpọ̀, ibi ẹyọ kan péré lẹ lè taari rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Ọfà méjì máa ń hàn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́jà sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbékiri nìyẹn. Nítorí náà, mo máa ń rọ alágbàtà pé kó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ fún oníbàárà rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò: orí fóònù làwọn náà ti ń mú ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ báyìí.

Ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù oníbàárà yín fúnra yín. Nígbà tí ìjọba ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 dé oṣù kìíní 2022, ẹni tó kó gbogbo èèyàn rẹ̀ síbẹ̀ ò rí wọn bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onínọ́ńbà. Òfin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, ti wà láti 2023.

Ní tèmi, ẹ̀rọ kọ́ ló ń fa ìdádúró, àṣẹ ni. Ẹ jọ bá ọ̀gá yín jókòó nígbà tí nǹkan ṣì tutù. Èmi àti ọ̀gá ti fẹnu kò: mo lè sọ pé a ti gbọ́, pé a ń wádìí, àti aago tí a máa padà wá, láìdúró dè é. Ohun tó bá jẹ mọ́ àìsàn, owó tàbí ẹ̀bi, ó di ọ̀dọ̀ òun àti lọ́yà. Ó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ o. Ìgbà tó rí iye ọjà tó padà wá sílé ló gbà.

Èyí tí a ṣì ń fà lọ́wọ́ ni ọjọ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo wa bá wà lóde ìnáwó: ta ni fóònù ilé iṣẹ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, èló sì ni wọ́n máa san fún un?