Aago mélòó sí aago mélòó ni ọmọ yìí ń sùn?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ jimnásíìkì, eré ìdárayá títa ọ̀kìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka wákàtí tí ọmọ náà fi ń sùn kí ẹ tó máa ka mẹ́dàlì tó ń gbà. Èmi ò kà á. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo rò pé ọmọ mi ń ya ọ̀lẹ ni, àṣé oorun ló ń pa á.

Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé, lápá gúúsù ìlà-oòrùn níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Ọmọ mẹ́ta la bí. Èyí àbígbẹ̀yìn, obìnrin, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ délẹ̀ tó ti ń ta ọ̀kìtì láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 5, mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù kan nítòsí wa, wákàtí kan péré láàárọ̀ Sátidé. Á fi ẹfun ra àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á fò mọ́ ọ̀pá, á bojú wẹ̀yìn wá mi. Tí a bá délé, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ohun tó kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó pé ọmọ ọdún 7. Kóòṣì rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọmọ náà ní ẹ̀bùn, pé àwọn fẹ́ mú un bọ́ sáàárín àwọn tó ń lọ síbi ìdíje. Láti wákàtí 1 lọ́sẹ̀, ó di wákàtí 9: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ láti aago 5 sí aago 8 alẹ́, Sátidé láti aago 9 sí aago 12. Orí mi wú. Mo pe gbogbo ẹbí ní Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi kóòṣì, ìyẹn ni pé eélòó la ó máa san.

Ọmọdé kì í sábà sọ pé ó ti rẹ òun. Ohun mìíràn ni yóò sọ. Tèmi á ní ìbọ̀sẹ̀ ń ha òun lẹ́sẹ̀, á sì bú sẹ́kún nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó ti ń wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Á ní inú ń run òun láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Á bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà torí pé ìyẹn fara kàn án lórí àga. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá lọ mú un níbi ìdárayá lálẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á máa kọrin, mo sì gbà pé agbára ṣì kún ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Ọmọ tó ti rẹ̀ kọjá ààlà a máa ta pọ́ún pọ́ún bí ẹni tó mu kọfí.

Tíṣà rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó ní kí n wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde níléèwé. Kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ṣí ìwé iṣẹ́ ọmọ náà síwájú mi. Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé: lẹ́tà dúdú, ó ki, ó jókòó sórí ìlà dáadáa. Ọjọ́rú: ó ti ń wọ́. Ọjọ́ Ẹtì: pẹ́ńsù fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ìwé, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ kúrò lórí ìlà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀, gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ kò sì parí. Ó ṣí ọ̀sẹ̀ mìíràn, bákan náà. Ó ṣí òmíràn. Ó wá ní tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, ńṣe ni ọmọ náà máa ń gbórí lé tábìlì.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ariwo ni mo pa mọ́ ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn. Ní Ìbàdàn tí mo dàgbà sí, mo ti máa ń kiri ẹ̀kọ dé òpópónà kejì kí n tó wẹ̀ lọ sí iléèwé. Ẹni tó bá ní ó rẹ òun, iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. Ohun tí mo tún sọ fún ọmọ ọdún 7 nìyẹn. Mo wá gbàgbé pé kò ju aago 8 alẹ́ lọ tí gbogbo wa ti máa ń sùn lórí ẹní nígbà náà, pàápàá tí kò bá síná.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta lásìkò yẹn. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, a dé láti ibi ìdárayá, mo bu àmàlà síwájú ọmọ. Mo yíjú sí síǹkì. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, òkèlè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi kan ọbẹ̀, kò tíì dé ẹnu, ojú rẹ̀ sì ti pa dé. Ọbẹ̀ ewédú ń kán sórí aṣọ iléèwé. Màmá ò pariwo. Wọ́n gba òkèlè náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bu omi sí abọ́, wọ́n ń fọ ọwọ́ ọmọ náà ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la ti rí i pé awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó níbi méjì, níbi tí ọ̀pá ti ń gé e. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Màmá ní, “Ìyàwó mi, ìgbà wo ni ọmọ yìí ń sùn?”

Mo ní, “Ó ń sùn lálaalẹ́, mà.”

Wọ́n ní, “Aago mélòó sí aago mélòó?”

Mi ò lè dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi jókòó, a yí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, a ń kọ ọ́ sílẹ̀. Aago 8 ni wọ́n ń jáde níbi ìdárayá. Ká tó délé, aago 8 ààbọ̀ ti kọjá. Oúnjẹ, ìwẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá, ìwé kíkà tí òbí gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Kó tó sùn, aago 10 ku ìṣẹ́jú 10. Torí pé aago 8 ni mo ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, aago 6 ààbọ̀ la ń jí i. Wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 40 nìyẹn. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pé ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kó máa sun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Tiwa ò tilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ méjèèjì yẹn. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Ọjọ́ tí mo máa ń dì í lórí nìyẹn, kí irun lè wà ní mímọ́ láàárọ̀ Sátidé. Aago 10 máa ń lù kí n tó di sùúkù náà parí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn nǹkan tí a ò kà mọ́ ọn. Ọ̀sán Sátidé, ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ọmọdé ń kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ́ńdè, ìsìn títí aago 2, nígbà mìíràn ìkómọ tàbí àpèjẹ tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó bá sọ pé jimnásíìkì ló ń da ọmọ láàmú, ẹ̀bi jimnásíìkì nìkan kọ́. Àwa la di ẹrù lé ẹrù. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà ń jí tí kò ní ibi tó ń lọ.

Mo lọ bá kóòṣì. Àyà mi ń já, mo rò pé yóò ní kí n mú ọmọ mi máa lọ. Ọkọ mi ló kì mí láyà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àbọ̀ ìwádìí tí agbẹjọ́rò kan, Anne Whyte, ṣe lórí jimnásíìkì ní ilẹ̀ yìí jáde. Ó lé ní 400 àkọsílẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ sí i. Ibẹ̀ la ti kà nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣeré lórí ara tó ń dùn wọ́n, àwọn tí wọ́n ń fi sísanra bú, àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n mu omi tàbí lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkọ mi ní òbí tí kò bá béèrè ọ̀rọ̀ ló ń jẹ́ kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀. Kóòṣì tiwa ò ṣe irú rẹ̀ rí, mo fi í yangàn, ṣùgbọ́n mo béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ní òun náà ti ṣàkíyèsí: Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ náà máa ń jábọ́ jù lórí igi, ìyẹn igi tóóró tí wọ́n ń rìn tí wọ́n sì ń fò lórí rẹ̀. Fífẹ̀ igi yẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, gíga rẹ̀ níbi ìdíje jẹ́ mítà 1.25. Ẹni tí oorun ń kùn lójú kò ní ohun tó ń wá lórí rẹ̀. A fẹnu kò pé ká yọ Ọjọ́bọ̀ kúrò. Ó ku wákàtí 6. Òdiwọ̀n kan wà tí àwọn dókítà eré ìdárayá máa ń lò, pé kí wákàtí tí ọmọ ń lò nídìí eré kan lọ́sẹ̀ má ju iye ọdún rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 7, wákàtí 6, ó bọ́ sí i.

Ẹ̀rù tó kù lọ́kàn mi ni pé bóyá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gba iwájú rẹ̀. Kí lọmọ ọdún 7 ń sáré lọ ṣe? Obìnrin tí kò bá ní pé ọdún 16 lọ́dún ìdíje Òlíńpíìkì, wọn ò ní jẹ́ kó kópa rárá. Simone Biles, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìlú-mọ̀ọ́ká nínú jimnásíìkì, jẹ́ ẹni ọdún 27 ní Paris lọ́dún 2024 tó gba góòlù mẹ́ta. Òun kan náà ló sì yọwọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìdíje ní Tokyo lọ́dún 2021 nígbà tí ọkàn àti ara rẹ̀ ò bára wọn mu mọ́ tó bá ti fò sókè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè sọ pé òun fẹ́ sinmi, ta ni ọmọ mi?

Àwọn nǹkan kéékèèké ló tún ilé wa ṣe lẹ́yìn náà. Oúnjẹ gidi ti di aago 4 ọ̀sán, nínú fúláàsì: ìrẹsì àti ọbẹ̀, tàbí mọ́ínmọ́ín. Tí a bá délé lálẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ògì àti ẹyin ló kù, kò gbà ju ìṣẹ́jú 10. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni mo ń di irun báyìí, patẹwọ́ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tó lè lo gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo sọ fún tíṣà pé a ò ní ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kankan lálẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dùn mí pé mi ò ti béèrè. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló le jù. Àwọn ìyá ìjọ ò fi bẹ́ẹ̀ dunnú nígbà tí mo yọ ọ́, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́. Ẹ̀kọ́ Yorùbá nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, torí ìyẹn, mi ò lè fi ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ tún wà. Mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé ife omi. Mo ní kó fi ọwọ́ kan gbé e, ó ní rárá. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ìpẹ̀kun egungun ọmọdé ṣì rọ̀, ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn, àti pé ìwúwo ara tó ń dé lé e léraléra bó ṣe ń fi ọwọ́ dúró ló ń fa ìrora náà. Ó ní kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbé ara fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ náà sunkún gan-an. Kóòṣì kò jẹ́ kó jókòó sílé, ó ní kó máa wá ṣe ti ẹsẹ̀ àti ìjókòó gbẹgẹdẹ, ìyẹn jíjókòó kó na ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ bá ń dáàbò bo apá kan ara rẹ̀, ẹ má dúró kó tó sọ fún yín. Ọmọ tó fẹ́ràn eré yóò fi ìrora pamọ́ kí ẹ má bàa dá a dúró.

Ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún 9 báyìí. Ìwé iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì rẹ̀ ti jọ ti ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kóòṣì tún bi mí bóyá àsìkò ti tó láti dá Ọjọ́bọ̀ padà. Mo ní kó jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ara. Nígbà tí mo béèrè, ó ronú díẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ṣé Dádì á ṣì máa ka ìwé fún mi ní Ọjọ́bọ̀?” Mo ní rárá, a ò ní tètè délé mọ́. Ó ní, “Nígbà náà, kó wà bẹ́ẹ̀.”

Mo pe kóòṣì, mo ní ká ṣì fi Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ ná.