Bàálù Àjọni: Ìrìnàjò Kì Í Tán Níbi Tí Táyà Ti Kanlẹ̀

Ìdí ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ni ìrìnàjò nínú Cessna 172P, bàálù kékeré tí ẹgbẹ́ kan jọ ni, ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbé ọkọ̀ náà kẹ́yìn ti kọ iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ṣe síbẹ̀, pẹ̀lú ọ́ìlì tó bù sí i àti ohunkóhun tó kù díẹ̀ káàtó. “Bíréèkì òsì ti rọ̀” ti tó ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó rí àléébù tó sì dákẹ́ ti gbé ewu lé ẹlòmíràn lórí, mi ò sì rí ohun tó burú tó ìyẹn nínú ẹgbẹ́.

Ká tó gbéra, a ó fa epo díẹ̀ sínú ife tó mọ́ gaara, láti abẹ́ apá ọ̀tún, apá òsì àti abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀ búlúù ni 100LL, epo bẹntiróòlù tí bàálù yìí ń lò, ní. Omi wúwo jù ú lọ, nítorí náà ìdí ife ló máa ń rogún sí. Bí ohun tó wà nínú ife kò bá ní àwọ̀ búlúù rárá, ẹ má kàn kà á sí epo tó mọ́: ó lè jẹ́ omi nìkan lẹ fà, tàbí kí wọ́n ti ṣèèṣì rọ epo jẹ́ẹ̀tì, tó ń rùn bíi kẹrosíìnì, sí i. Ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ dín sí quart 5 (quart kan kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí lítà kan). Fún ọ̀nà jíjìn, a máa ń bù ú dé 7.

Létí ojú ọ̀nà ìgbéra, a ó gbé ẹ́ńjìnnì dé 1,700 RPM (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), a ó sì dán mágínẹ́ẹ̀tò méjèèjì, tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, wò lọ́kọ̀ọ̀kan. RPM kò gbọ́dọ̀ já ju 125 lọ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ ju 50. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n lórí ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí òjé inú epo ti dì mọ́ ẹnu púlọ́ọ̀gì. Mẹ́jọ ni púlọ́ọ̀gì, méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, àwọn ti ìsàlẹ̀ ló sì máa ń tètè dọ̀tí. A ó dín epo tó ń dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kù, a ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ kí ooru lè jó ìdọ̀tí náà, a ó tún un dán wò. Bí kò bá lọ, a ó padà sílé.

Lẹ́yìn ìbalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ epo máa ń dá ìjà sílẹ̀. Tankí tó kún kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìrì láyè, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù 40 wúwo tó pọ́ùn 240, àgbà mẹ́rin kò sì ní lè bá a gbéra. Ó rọrùn láti bù sí i, ó nira láti fà á kúrò. Ẹ fẹnu kò sí ìwọ̀n kan, kí gbogbo ènìyàn máa fi í síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì iná pupa orí ìrù wà ní títàn nígbà gbogbo: bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé láti pa bọ́tìnnì àgbà tó ń gbé iná fún gbogbo ọkọ̀, yóò rí iná pupa náà tó ń ṣẹ́jú bó ṣe ń lọ, bátìrì kò sì ní kú.

Jíjókòó sójú kan ló ń ba Lycoming O-320, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí, jẹ́ jù. Òkè crankshaft, ọ̀pá irin tí písítìnnì ń yí, ni camshaft rẹ̀, ọ̀pá irin tó ń ṣí fáàfù, wà. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ́ìlì á ro kúrò lára rẹ̀, ìpẹtà á sì wọlé. Títan ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ lásán kò ràn án lọ́wọ́. Iná inú sílíńdà ń bí omi, omi yẹn ń wọnú ọ́ìlì, ọ́ìlì kò sì ní gbóná tó láti lé e jáde. Ẹ gbé e lọ sókè, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ọ́ìlì gbóná dé nǹkan bí 80°C.

A ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà ní wákàtí 50 tàbí oṣù 4, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ má ju fíltà àtijọ́ nù. Ẹ gé e, ẹ tú bébà inú rẹ̀, ẹ fún ọ́ìlì inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì fi màgínẹ́ẹ̀tì wá inú ìṣẹ́po rẹ̀. Èédú dúdú máa ń fọ́ lábẹ́ èékánná; irin kì í fọ́. Bí èérún irin tó lẹ̀ mọ́ màgínẹ́ẹ̀tì bá ju ti ìgbà tó kọjá lọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sọ́wọ́, kí mẹkáníìkì yẹ camshaft wò kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé e.