Ìrìn-àjò ẹmu: láti Fìdítì dé etí odò Ọbà, kí oòrùn tó mú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ẹmu ní agbègbè Ọ̀yọ́, kó ti kúrò nílé ní agogo 5:30 ìdájí. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí omi igi bá ti kán sínú agbè ló ti ń yí padà. Èyí tí ẹ bá mu ní agogo 7 lábẹ́ ọ̀pẹ kọ́ lẹ máa bá ní bùkà ní agogo 2 ọ̀sán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbè kan náà ni wọ́n ti dà á. Àwọn tó ń lọ wo ọgbà àjàrà nílẹ̀ òkèèrè lè sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere, nítorí ọtí wọn ti wà nínú àgbá láti ọdún tó kọjá. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Aago ló ń darí ìrìn yìí, bí ọjọ́ sì ṣe ń lọ la ṣe tò ó.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti wà ní Ọ̀yọ́, kí ẹ sì ra igbá. Ìlú yìí lókìkí fún igbá fínfín, ẹ ó sì rí wọn lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti nínú ọjà Akẹ̀sán, tí kò jìnnà sí ààfin. Èyí tó wà fún ẹmu kò nílò ọnà púpọ̀. Ohun tí ẹ ó wò ni inú rẹ̀: kó dán, kí òórùn ìdíbàjẹ́ má sí níbẹ̀. Ẹ gbé e sókè síwájú oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa jò. Igbá tuntun máa ń korò, ìkorò yẹn á sì ba ẹmu jẹ́. Ẹ rọ omi kún un mọ́jú, ẹ fá inú rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ṣàn án. Ẹni tí kò bá rí igbá rà lè lo ife gíláàsì, ṣùgbọ́n ife ike ò dáa, nítorí òórùn ọṣẹ kì í tètè kúrò lára rẹ̀.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá Fìdítì, Ìlọrà àti Àwẹ́ ni pé ọ̀pẹ pọ̀ níbẹ̀ ju apá òkè lọ. Bí ènìyàn bá ti kọjá Ọ̀yọ́ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ń di ọ̀dàn: igi òrí, igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, àti oko kájú ló ń gba ojú ilẹ̀. Ọ̀pẹ a wá sá lọ sí àfonífojì àti etí odò. Ẹ má kàn wọ oko olóko. Ìyá tó ń ta ẹmu lẹ́bàá títì ló mọ adẹ́mu tó ń já ọjà fún un. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi yín han adẹ́mu náà. Owó tí ẹ máa fún adẹ́mu fún wàhálà rẹ̀, àdéhùn rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí i: “Igbà á rọ̀ o, Bàbá.” Á dáhùn pé, “Àṣẹ.” Kó tó fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni kí ẹ ti kí i. Ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ kì í bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ.

Igbà yẹn ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Òun ni okùn tó yí adẹ́mu àti igi ká. Á fa ara sẹ́yìn lé e, á fẹsẹ̀ tẹ ara igi, á sì máa sọ igbà náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti ń tú tàbí tó ti ń jẹrà ni ikú wà, nítorí náà adẹ́mu tó mọṣẹ́ kì í fi igbà rẹ̀ sílẹ̀ nínú òjò. Ẹ dúró ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ìdí igi. Ọ̀bẹ lè bọ́, imọ̀ tó gé lè já wálẹ̀, inú oyin sì lè bí. Ẹ má fín lọ́fínńdà lọ́jọ́ náà rárá, torí oyin àti torí pé ẹ fẹ́ gbóòórùn ẹmu dáadáa.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lókè yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni adùn ti ń wá. Orí igi kan náà ni ọ̀pẹ ti ń yọ òdòdó akọ àti abo, ṣùgbọ́n àsìkò wọn yàtọ̀. Abo ló ń di ìdì ẹyìn. Akọ ni adẹ́mu ń wá. Á gé imọ̀ tó bá dí i lọ́nà, á ṣí ìdí òdòdó náà sílẹ̀ kó tó là, á lu ihò tóóró sí i, á ki ọ̀pá oparun kékeré bọ̀ ọ́, á wá so agbè mọ́ ẹnu ọ̀pá náà. Á fi ewé tàbí aṣọ bo ẹnu agbè nítorí kòkòrò. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń padà wá, kò sì sí ìgbà tó bá wá tí kò ní bẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí kò bá bẹ́ ẹ, ọgbẹ́ á dì, omi á sì dá. Tó bá bẹ́ ẹ nípọn jù, òdòdó náà á tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, tàbí kí ọgbẹ́ náà ra igi. Bí ọwọ́ bá mọ́ ọn, òdòdó kan lè sun fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Nígbà òjò, omi máa ń kán wọ agbè, ẹmu á ṣàn lẹ́nu. Ara igi náà á yọ̀, ewu gígùn rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ká lọ.

Ó wá kù sórí mímu. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí gbé e mì bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ. Bí adẹ́mu bá ṣe ń sọ agbè kalẹ̀, á bu díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ mu ún lójú yín kó tó bù fún àlejò. Àgbà ló ń gbà á tẹ̀ lé e. Ẹni tó kéré jù ló ń bù ú káàkiri. Ẹ gba igbá náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ gba ẹnu kan, ẹ jẹ́ kó dúró lórí ahọ́n díẹ̀.

Omi ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun mọ́ gaara. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 10 sí 12 níbẹ̀ ló jẹ́ ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti ń dúró dè é nínú agbè, nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, àti nínú afẹ́fẹ́. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà náà, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì, gáàsì yẹn ló sì ń mú kó máa hó. Bí ìwúkàrà ṣe ń pọ̀ ló ń sọ ọ́ di funfun. Ẹ bi adẹ́mu bó ṣe tọ́jú agbè rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn dáadáa, ẹmu inú rẹ̀ á dùn pẹ́. Èyí tí wọ́n kàn dànù tí wọ́n tún so padà, á ti le kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ẹni tó ń dá ẹmu fún àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò nírọ̀lẹ́ kì í fẹ́ agbè tó mọ́ jù.

Ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ ahọ́n ni pé kí ẹ bu ẹmu igi kan ṣoṣo sọ́tọ̀, kí ẹ tọ́ ọ wò ní agogo 7, kí ẹ tún tọ́ ọ wò ní agogo 11, kí ẹ sì gbé ìyókù pamọ́ di ọjọ́ kejì. Ti àárọ̀ á dùn, kò ní lágbára, ìfòfó rẹ̀ á tóbi. Lágogo 11, adùn á ti dín kù, ìkan díẹ̀ á ti wọ̀ ọ́, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lágbárí. Ìgbà yẹn la fẹ́ràn jù: adùn àti agbára wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó tíì borí èkejì. Lẹ́yìn wákàtí 24, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100, ìyẹn bí ọtí bíà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tó nílò afẹ́fẹ́ á ti sọ ọtí náà di kíkan pátápátá. Ẹ má dà á nù. Ó ṣe é rẹ ẹran.

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju kìlómítà 50 lọ díẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ tóóró, ọkọ̀ àjàgbé sì pọ̀ lójú rẹ̀; awakọ̀ yín kò gbọdọ̀ fẹnu kan igbá rárá, kódà tàárọ̀. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀ ni ògùrọ̀. Igi ògùrọ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ tí omi kì í kúrò, ìyẹn ni a fi ń wá a lọ sí àbàtà etí odò Ọbà àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún ni kí ẹ wọ̀.

Ògùrọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pẹ gidigidi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń so láyé rẹ̀. Tó bá so tán, ó kú nìyẹn. Gbogbo agbára tó ti ń kó jọ sínú ara láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ló fẹ́ fi tanná. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó tanná ni adẹ́mu ń dá a láti orí, omi tó ń jáde níbẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ti ọ̀pẹ lọ. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n dá kò ní so mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní fi irúgbìn sílẹ̀. Tí wọ́n bá dá gbogbo igi àbàtà kan láì dá díẹ̀ sí, ògùrọ̀ tán níbẹ̀ nìyẹn, àti ìko tí a ń rí gbà lára rẹ̀. Èyí ń dùn wá. Tí ẹ bá rí adẹ́mu tó fi igi bíi mélòó kan sílẹ̀ kó so, tàbí tó ń lọ́ ọmọ rẹ̀ gbìn, ẹ sanwó lé owó fún un, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Lẹ́nu wa, ògùrọ̀ fúyẹ́, adùn rẹ̀ sì máa ń wá síwájú. Ẹmu ọ̀pẹ ní ìkorò tín-ín-rín tó ń gbẹ̀yìn, ìkorò yẹn ló sì jẹ́ kó bá oúnjẹ mu jù. Wàrà díndín pẹ̀lú ata ni kí ẹ fi jẹ ẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n yan. Ẹ jẹun kí ẹ tó mu, ẹ má sì gbé ẹmu wọ ilé ẹni tí ẹ kò tíì bi. Onítẹ̀bọmi àti Mùsùlùmí pọ̀ nílùú náà, ọ̀pọ̀ ilé ni kì í fẹ́ ọtí lábẹ́ òrùlé wọn. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bí oòrùn bá ti mú, ẹmu àdàlù pọ̀ lẹ́bàá títì. Omi ni wọ́n ń bù là á, tí wọ́n á wá fi ṣúgà tàbí sákárínì dá adùn padà. Èyí tó ní sákárínì á fi ìkorò irin sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, ìfòfó rẹ̀ á kú kíá. Ẹ bù ú sínú gíláàsì, ẹ fi sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí: ẹmu gidi á ṣì máa hó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun á sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Ògógóró la ò ní kí ẹ tọ́ wò lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹmu tó ti le ni wọ́n ń sè, nítorí ọtí máa ń di oru ní ìwọ̀n 78 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, kí omi tó hó. Ojú kò lè dá mẹ́táńọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, mọ̀ nínú rẹ̀, ahọ́n kò sì lè dá a mọ̀. Ní ọdún 2015, irú ọtí bẹ́ẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers.

Ẹ fẹ́ gbé ẹmu délé? Nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5, ẹ má rọ ju lítà 4 lọ, ẹ má sì dé e pinpin. Gáàsì ṣì ń jáde; ìgò gíláàsì tí wọ́n dé le máa ń bú gbàmù nínú ọkọ̀. Yìnyín ń fa iṣẹ́ ìwúkàrà sẹ́yìn, kò lè dá a dúró. Ooru ló ń dá a dúró, òun ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ NIFOR, nítòsí Benin, fi ń di ẹmu sínú ìgò. Irú rẹ̀ ń pẹ́, ṣùgbọ́n kò hó mọ́, adùn rẹ̀ kì í sì í yí padà láti wákàtí dé wákàtí.

Ẹ má fi ọṣẹ fọ igbá yín, torí ara rẹ̀ ń fa ọṣẹ mu. Omi gbígbóná àti iyanrìn díẹ̀ ti tó. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn gangan, kó má baà sán.