Kí Ẹ Tó Sọ Pé Orí Ti Tóbi Jù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ya kátúùnù lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sì ń gbé àwòrán wọn wá fún yín wò, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe kan tí mo ṣe ní Adó-Èkìtì fún yín. Ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ gbé fóònù rẹ̀ wá. Ó ti ya ìyá kan tó ń gúnyán. Orí ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odó iwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ rogodo, gèlè rẹ̀ kan òkè àwòrán. Mo wò ó fìrí, mo ní, "Orí yìí ti tóbi jù, lọ tún un yà." Ó ní, "Ẹ ṣé, bùrọ̀dá," ó sì lọ.

Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, orí ti kéré, àwòrán náà sì ti kú. Ẹ̀rín tó wà lára rẹ̀ ti lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé ibi tí àṣìṣe wà gan-an, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ti gúnyán rí mọ̀ pé ara kì í dúró ṣánṣán nígbà tí ọmọ odó bá ń bọ̀ nílẹ̀. Orúnkún á rọ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀ síwájú, èjìká á bá ọwọ́ lọ sílẹ̀. Ìyá inú àwòrán yìí dúró gbagidi, ó kàn di ọmọ odó mú ni. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí fọ́tò òpó kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, láàárín ọdún 1910 sí 1914. Chicago ní Amẹ́ríkà ni òpó náà wà báyìí. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì sì ga jù ú lọ fíìfíì. Àwọn tó wà níwájú ọba kéré bí ọmọ ọwọ́. Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Orí èèyàn gidi kò ju bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lára ère àwọn baba wa, orí máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ojú tì mí. Ojú ọ̀nà wọn ni ọmọ yẹn wà, èmi ni mo dá a padà.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè ni mo fi ń ṣáájú: "Kí lo fẹ́ kí ẹni tó bá rí i kọ́kọ́ wò?" Mo tún máa ń bèèrè bóyá iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó ti kun àwọ̀ tán, tó sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lálẹ́, ohun tó lè tún ṣe ní wákàtí kan ni kí ẹ sọ fún un.

Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn. Ọmọ tí a tọ́ nílé wa kì í bá ẹ̀gbọ́n jiyàn. Bí ẹ bá ní kó gé orí, á gé e, á dúpẹ́, á sì fi ọ̀wọ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jù ú lọ lẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀.

"Ó dáa" kò kọ́ èèyàn ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni "kò dáa tó." Ẹ fi ìka lé ibi kan. Ẹ ní kó yí àwòrán náà sódì, bí ìgbà tí a ń wò ó nínú dígí. Ojú tó wọ́ á hàn kíá; ẹni tó ti ń wò ó láti àárọ̀ kò rí i tẹ́lẹ̀, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ẹ ní kó kun gbogbo ara ẹ̀dá náà ní dúdú kìrìkìrì. Lára ìyá tí mo ń sọ yìí, apá àti ọmọ odó á pòórá sínú aṣọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé iyán ló ń gún. Àwọ̀ kò lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn, ìdúró ni kó tún yà.

Bí ẹnu kò bá tó, ẹ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣí léyà tuntun (bí ìwé tó mọ́ gaara tí a tẹ́ lé àwòrán) sórí tirẹ̀, kí ẹ fi pupa fa ìlà mẹ́ta péré: ẹ̀yìn, ìbàdí, ẹsẹ̀. Ẹ má bá a yà á tán o. Mo ti rí ẹni tó bá ọmọ yà á tán, tí ọmọ náà kò sì fẹ́ fi àwòrán náà han ẹnikẹ́ni mọ́, torí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Mo pe ọmọ náà padà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì bèèrè àwòrán àkọ́kọ́. Ó ní òun kò pa á rẹ́, òun fi pamọ́ sí léyà ìsàlẹ̀ ni. Ó ṣí i. Mo wá bi í ìdí tí orí fi tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ìyá àgbà mi ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá ń gúnyán, ojú wọn nìkan ni mo máa ń wò, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n á kọ́kọ́ bù fún mi."

Mo ní kó fi orí sílẹ̀ bó ṣe wà, kó tẹ orúnkún. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì tẹ̀ ẹ́.