Ilé Wà ní Houston, Èèyàn Wà ní Ìkòròdú

Àbúrò mi kan tó wà ní Ìkòròdú ló fi ohùn ránṣẹ́ sórí wásáàpù ẹbí wa lóṣù tó kọjá. Ó ní òun rí fídíò kan níbi tí àwọn òyìnbó ti ń kó bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò wọ ilé tuntun fún sójà tó ti fẹ̀yìn tì, pé kí n bá wọn wá ọ̀nà tí Bàbá Sájẹ́ǹtì máa fi dé ọ̀dọ̀ mi. "Àǹtí, wọ́n ní ìjọba yín ń fún sójà nílé lọ́fẹ̀ẹ́." Ìjọba yín! Bàbá Sájẹ́ǹtì tó jẹ́ pé sójà Nàìjíríà ni, tó jẹ́ pé Làìbéríà ló ti jagun nígbà ECOMOG, tí kò sì fojú kan Amẹ́ríkà rí láyé ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Kò sẹ́nì kan nínú ẹbí tó bi mí bóyá èmi fúnra mi ti san owó ilé oṣù yẹn.

Mo wà lára àwọn tó ń kó irú bẹ́ẹ̀dì yẹn ní Houston níbí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní HUD-VASH, ó ti wà láti 1992. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ibùgbé máa ń bá sójà àtijọ́ tí kò nílé san lára owó ilé, òun náà á san nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un. VA, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn sójà àtijọ́, á wá yan òṣìṣẹ́ kan tì í. Ọ̀fẹ́ dà níbẹ̀? Kó tiẹ̀ tó dé ibẹ̀, wọ́n á béèrè ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, DD-214. Ẹni tó ti ń sùn lábẹ́ bíríìjì, níbo ló fẹ́ tọ́jú ìwé sí? N ò sọ pé wọn ò gbìyànjú o. Ní 2015, olórí ìlú Houston kéde pé ètò ti dúró débi pé sójà àtijọ́ tí kò bá nílé, wọ́n á tètè rí ibi fi í sí. Síbẹ̀, lóru ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi kà wọ́n káàkiri Amẹ́ríkà ní oṣù January 2024, wọ́n lé ní 32,000. Iye yẹn sì ti dín ju ìdajì lọ sí ti 2010.

Owó ilé ni ètò yẹn ń san, kì í ra bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì mélòó kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan, bàbá ará Mexico kan tó ń ta bẹ́ẹ̀dì, tó máa ń fún wa ní èyí tí ọ̀rá rẹ̀ bá ti ya ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni kan ń yá wa ní ọkọ̀ akẹ́rù ní Sátidé, a kàn máa rọ epo sí i. Onígbàjámọ̀ kan tó ti ṣe sójà rí ń gẹ irun wọn láìgba kọ́bọ̀. Arábìnrin wa kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ta oúnjẹ ní agbègbè Bissonnet, máa ń di ìrẹsì fún wa, ata rẹ̀ sì ti mú àwọn òyìnbó kan sunkún. Ilé tí à ń kó wọn wọ̀ máa ń ṣófo gan-an ni: kò sí kọ́tìnnì ní bálùwẹ̀, kò sí ìgbálẹ̀. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀wà inú agolo tó pọ̀ rẹpẹtẹ, tí kò sì ní ohun tí á fi ṣí i.

Ibi tí fídíò parí sí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí a kó wọlé, ó ti jagun ní Iraq. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a to ìkòkò, a ya fọ́tò, a bá tiwa lọ. Nígbà tí mo padà lọ fún un ní àpò ìrọ̀rí tí a gbàgbé, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni "píì!" Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń kàn mọ́ àjà, tó ń ké bí èéfín bá rú, bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ. Ó á dákẹ́ bí ìṣẹ́jú kan, ó á tún dún. Bẹ́ẹ̀dì wà bí a ṣe tẹ́ ẹ, kò tíì sùn lórí ẹ̀. Ọkùnrin náà ti kó aṣọ ìbora rẹ̀ lọ sí bálùwẹ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra kó má baà máa gbọ́ ọ. Ó ti ń bá a bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo ní kí ló dé tí kò pe ọ́fíìsì àwọn onílé. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n rò pé oníwàhálà lòun, kí wọ́n má lọ lé òun jáde. Mo ní aládùúgbò ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni pé Yorùbá ni mo sọ sí i.

Mo ra bátìrì nílé epo, mo gun àga, ó dákẹ́. Kò wá jẹ́ kí n tètè lọ. Ó ní lábẹ́ bíríìjì, àwọn kan wà tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹrù ara wọn, tí ẹnì kan bá ń sùn, ẹnì kan á lajú. Nínú ilé tuntun yìí, òun nìkan ni, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ nǹkan kan, oorun kò sì wá. Àwọn kan máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ padà sí títì. Ẹni tí kò bá tíì rí i á ní wọn ò moore.

Ẹ gbé "píì" yẹn lọ sí agboolé wa ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Kó tó dún lẹ́ẹ̀karùn-ún, ìyá kan á ti pariwo pé ta ló ń fọn fèrè mọ́ òun lórí. Ọmọ kan á ti gun àga, ẹlòmíì á ti ní àjẹ́ ni. Bàbá Sájẹ́ǹtì jókòó síwájú ilé láàárọ̀, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kí i. Ẹlẹ́kọ kì í kọjá láìyà. Ẹni tó ni kẹ́mísì tó wà ní ìkóríta ń ta àwìn fún un. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ẹ̀ rí.

Àmọ́ kí ẹ má bá mi sọ pé ilé dùn. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ìyẹn ló gbà á. Ẹni tí wọ́n gbé láti Benue wá sí bárékè Odogunyan ńkọ́, tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní kó kó jáde ní yàrá ìjọba? Ta ló ka irú wọn lóru ọjọ́ kankan? Lọ́dọọdún, ní January 15 tí Nàìjíríà fi ń ṣèrántí àwọn sójà, wọ́n á to òdòdó, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, ó di ọdún mìíì. Bàbá Sájẹ́ǹtì pàápàá ti fi ẹsẹ̀ wíwú tò sórí ìlà kí wọ́n lè rí i pé kò tíì kú, kí owó ìfẹ̀yìntì má baà dúró.

Ìdí nìyí tí n kì í dáhùn bí wọ́n bá ní ìgbà wo ni mo fẹ́ padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá ń lò, owó ta ni wọ́n fi ń rà á? Àdúgbò ń fún un lẹ́kọ, àdúgbò ń kí i. Kò sẹ́ni tó fún un ní amlodipine. Àwìn kẹ́mísì yẹn, èmi ni mò ń san án níparí oṣù. Bí mo bá kó ẹrù mi dé lọ́la, a ó jọ jókòó síwájú ilé ni, a ó jọ máa wá owó oògùn. Ṣé mo dá wà níbí? Mo dá wà. Láti Monday dé Friday, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn mi, ẹrù ló gbé wá láti Amazon. Bóyá ìyẹn gan-an ló ń gbé mi lọ síbi ẹrù kíkó ní Sátidé, n ò lè bú ara mi fún un.

Gbogbo èyí ni mo fi ohùn ṣe ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó gùn díẹ̀. Èsì tó fi padà ni pé, "Àǹtí, àwọn bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀rá wọn ya yẹn, ṣé wọn ò lè kó díẹ̀ sínú kọ̀ǹténà?" Mo ní kó kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti kó ẹrù jáde ní Àpápá.